Bẹ́ǹṣì Ẹbí

Àrìnọlá ń fi òwú tútù nu ẹrẹ̀ kúrò ní ìpéǹpéjú Bàbá Arówólò nígbà tí ara ògiri fọhùn.

"Dádì mi ọ̀wọ́n, èmi ni o, Ìbíyẹmí yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo wà pẹ̀lú yín."

Ohùn náà tutù, ó sì dùn, bí ohùn ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan láti òwúrọ̀. Bàbá náà wo òkè àjà, ó wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi tí aṣọ funfun bo ohun tó ṣẹ́ kù lára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó wá wo Àrìnọlá.

"Ta nìyẹn?"

"Wọ́n ní ọmọ yín ni, bàbá."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Àrìnọlá ki òwú bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fún un, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láti agogo mẹ́fà àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró, agogo mẹ́wàá sì ti kọjá báyìí. Bàbá yìí ni ẹni kejìlá tí wọ́n gbé wọlé. Orúnkún rẹ̀ ń ro ó, ọrùn rẹ̀ ń ro ó, inú rẹ̀ pàápàá ti rẹ̀ ẹ́, èyí tí oorun ò lè wò.

Ògiri yí ohùn padà. Ó wá ń fi ohùn tirẹ̀ gan-an sọ̀rọ̀, èyí tí kò jọ ti ọkùnrin tí kò sì jọ ti obìnrin. "Alágbàsọ ń jábọ̀. Ẹnu aláìsàn kò jẹ́ ìpè. Ọkàn kò balẹ̀. Àmì méjèèjì kò pé. Nọ́ọ̀sì lè fọwọ́ sí i dípò àmì."

Dígí kékeré kan tàn lára bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró de àtẹ́lẹwọ́ Àrìnọlá. Àtẹ́lẹwọ́ náà mọ dígí yẹn dáadáa. Ìgbà mọ́kànlélógójì ló ti gbé e lé e láti ìgbà tí wọ́n ti kan Alágbàsọ, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ dípò ẹbí, mọ́ ògiri yàrá pàjáwìrì. Kò sẹ́ni tó ní kó máa kà á, òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á.

"Níbo ló ti rí ohùn ọmọ mi?" ni bàbá náà bèèrè.

"Inú ìpè fóònù rẹ̀ ni. Gbogbo ohun tó ti sọ sórí fóònù rí ni wọ́n kó jọ."

"Háà." Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìrora sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọdún mẹ́rin ló fi ń fi fóònù bẹ àwọn tí omi ẹ̀rọ wọn ò yọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn nígbà náà. Abájọ tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé omi ẹ̀rọ mi ló dá."

Àrìnọlá bá a rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ṣì lè rẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ sókè dé àyà bàbá náà nítorí ó rí i pé òtútù ń mú un. Ó yí iná tó dojú kọ ọ́ sápá kan. Ohun tó bá fẹ́ ṣe, á kọ́kọ́ wí i: "Bàbá, mo fẹ́ di apá yín mú." "Bàbá, omi ni mo fẹ́ fi rin ẹnu yín, ẹ má gbé e mì." Bí nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣì pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ.

Dókítà Ṣówándé wọlé, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú rẹ̀ ti dúdú bíi ti àgbàlagbà. Ó fa Àrìnọlá sẹ́yìn díẹ̀.

"Sista, ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ ò tíì fọwọ́ sí i? Okùn tí wọ́n fi di itan bàbá yìí ti lé ní wákàtí kan àbọ̀. Ẹran ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ fọ́ yẹn ti kú. Oró tó ń kó jọ síbẹ̀ ń wá ọ̀nà dé ọkàn wọn. A gbọ́dọ̀ gé e. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo rí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọmọ wọn ńkọ́? Ọmọ wọn gangan?"

"Ilẹ̀ yìnyín ló wà, ìjì sì ti gba ojú ọ̀run níbẹ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí fóònù tó wọlé."

"Ẹ bi bàbá fúnra wọn."

Dókítà wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. "Sista. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ẹni tó bá ti lé ní márùndínlọ́gọ́rin, kò sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lójú òfin. Ẹbí ló ń wí i fún un. Tí ẹbí ò bá sí, Alágbàsọ á wí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òfin yẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbé ọwọ́ lé e. Irọ́ tó gba ẹ̀mí là, ṣé irọ́ náà nìyẹn?"

Ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń tún yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe. Dígí náà ṣì ń tàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Àrìnọlá fẹ́ gbé ọwọ́ lé e. Ó ti na ọwọ́ pàápàá. Ẹlòmíràn ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan tí omi gbígbóná dà lé lórí, igbe rẹ̀ sì ń gún un létí. Ohun tó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ògiri sọ: Dádì. Ó mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún kejì rèé tí ìyá Àrìnọlá ṣubú ní balùwẹ̀, tí wọ́n sì gbé e wá sínú pàjáwìrì yìí gan-an. Àrìnọlá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nínú yàrá inú lọ́hùn-ún, ó ń rán orí bíríkìlà kan. Ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín wọn. Ògiri pe ẹbí obìnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é, bí òfin ṣe wí. Fóònù àwọn nọ́ọ̀sì sì rèé, inú àpótí ni wọ́n ń tì í mọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ni Alágbàsọ bá gbé ohùn Àrìnọlá wọ̀, ó ní, "Mọ́mì mi, mo wà níbí." Nọ́ọ̀sì tuntun kan tí kò mọ ìyá mọ ọmọ gbé ọwọ́ lé dígí. Kí Àrìnọlá tó parí orí bíríkìlà, ìyá ti kú.

Ọwọ́ ìyá-ìyá rẹ̀ ni Àrìnọlá ti dàgbà, nítorí náà bó ṣe gbọ́ lẹ́nu àwọn yòókù nílé ló ṣe ń pe ìyá rẹ̀: Àǹtí mi. Kò pè é ní Mọ́mì rí títí ó fi kú. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá níbi bẹ́ẹ̀dì kẹrin tí ìyá kú sí. Ó ń rò ó pé, ṣé Àǹtí mi gbà á gbọ́ ni? Tàbí wọ́n mọ̀ pé èmi kọ́, tí wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀?

Ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà kí ojú wọn lè bára wọn.

"Bàbá Arówólò, báwo ni Ìbíyẹmí ṣe máa ń kí yín?"

Bàbá náà wò ó pẹ́. "Láti ìgbà tí nǹkan tó ń fò yẹn ti gbé mi lóko, ìwọ lo kọ́kọ́ pe orúkọ mi."

"Ẹ dá mi lóhùn, bàbá. Ìṣẹ́jú ń lọ."

"Ilé wa ní ìkíni. Abẹ́ òkè ni ilé wa wà, kí ìlú tó wà ni a ti wà níbẹ̀. Láàárọ̀, ọmọ ilé tàbí ìyàwó ilé á kúnlẹ̀, á ní, 'Òkè ò ṣídìí o.' Èmi á dáhùn. Nígbà tí mo bá dáhùn tán ni ilẹ̀ tó mọ́." Ó gbé itọ́ mì. "A kì í fi fóònù kí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìbíyẹmí ò jẹ́ kí i lórí fóònù láé, kódà nígbà tí a ń jà."

"Ẹ ń jà?"

"Ó ní kí n fi oko sílẹ̀ fún ẹ̀rọ awaṣu, kí n máa jókòó sílé. Mo ní kó fẹnu mọ́ra. Òun náà sì ta mí ní ọ̀rọ̀ kan kó tó lọ." Ojú bàbá náà kún. "Ẹ̀rọ yẹn kì í mọ ebè tó bá wà ní igun. Á fi iṣu sínú ilẹ̀, á kọjá lọ. Mo ní kí n fọwọ́ wa èyí tó fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò mọ èmi mọ èpò. Ó yí padà, ó gun orí ẹsẹ̀ mi."

"Wọ́n ní àwọn máa gé e, bàbá."

"Mo gbọ́ ọ. Adití kọ́ ni mí. Mi ò ní kí wọ́n má gé e." Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí mo fi rìn láti kékeré, kò gbọdọ̀ lọ kí ẹnì kan nínú ilé mi má gbọ́. Wọ́n gbé mi láìbi mí. Wọ́n gé sòkòtò mi láìbi mí. Nǹkan kan wà nínú ògiri báyìí tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tèmi lẹ́yìn mi. Ẹran ni wọ́n ń gé láìwí fún ẹnikẹ́ni, ọmọ mi."

Àrìnọlá ò mọ̀gbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: lórí èjìká bàbá náà, ó ń wo ìkéde kan tó ti ṣá, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè bẹ́ǹṣì ẹbí. Láyé ìgbà tí ẹbí ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ni wọ́n kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́. Páálí ìbọ̀wọ́ ni wọ́n kó lé e. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ya ìkéde náà dànù. *Ẹbí ni ẹni tí ẹnu aláìsàn bá jẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ sí.* Ó ti kà á tó ìgbà ẹgbẹ̀rún. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀.

Dókítà ti padà dé, ó ń wo aago. "Sista, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún."

"Dókítà, tí mo bá di ẹbí wọn ńkọ́?"

"Ẹ di kí ni?"

"Bí ìkéde yẹn ṣe wí i."

Dókítà yíjú wo ìkéde náà, ó kà á, ó tún un kà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́. "Sista, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì kì í tọ́jú ẹbí rẹ̀. Bí Alágbàsọ bá ti kọ orúkọ yín, báàjì yín á kú lójú ẹsẹ̀, ìgbìmọ̀ ló sì máa sọ ìgbà tó máa jí, bó bá máa jí rárá. Wọn kì í pa orúkọ rẹ́ nínú ìwé ẹbí. Tí wọ́n bá wo bàbá yìí sàn, ilé yín ni wọ́n máa gbé wọn wá. Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Yàrá kan lẹ ní."

"Mo mọ iye yàrá tí mo ní."

"Tí ẹ bá sì kàn gbé ọwọ́ lé dígí, gbogbo rẹ̀ á parí báyìí. Wọ́n á yè, ẹ̀yin náà á máa ṣiṣẹ́ yín lọ."

Òótọ́ ni, kò sì sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Àrìnọlá ro yàrá rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Ó ro ọdún mẹ́tàlélógún tó ti fi wọ aṣọ yìí. Ó ro ìgbà kejìlélógójì tí dígí yẹn ń dúró dè. Ẹ̀rù bà á, ó sì rẹ̀ ẹ́.

Ó yí padà sí bàbá náà.

"Bàbá, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Èmi kì í ṣe Ìbíyẹmí. Àrìnọlá ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí. Tí ẹ bá gbà mí láyè, màá kúnlẹ̀ kí n kí yín bí ọmọ ilé yín. Tí ẹ ò bá gbà, mi ò ní bínú, a ó sì jọ wá nǹkan mìíràn ṣe."

"Ìkíni yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi ta lọ́rẹ," ni bàbá náà wí.

"Mo mọ̀."

"Ta ló bí ọ?"

"Obìnrin kan tó kú sórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin lọ́hùn-ún. Ohùn mi ló gbọ́ gbẹ̀yìn, mi ò sì sí níbẹ̀."

Bàbá Arówólò pa ojú dé. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti dákẹ́, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Kò sí ohun tí à ń gbọ́ ju ẹ̀rọ tó ń ka ọkàn bàbá náà, ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀, ó ń sáré.

"Bí o bá máa kí i, ní ọwọ́ òsì mi ni kó o ti kí i," ni bàbá náà wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídé. "Ọmọbìnrin ilé ń kúnlẹ̀ lọ́wọ́ òsì."

Àrìnọlá yí bẹ́ẹ̀dì po. Ilẹ̀ tutù, ẹ̀jẹ̀ àti omi wà nílẹ̀ náà. Ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, eegun orúnkún rẹ̀ sì dún. Ó ti pẹ́ tó ti kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìyá tí ì bá kúnlẹ̀ fún ti tán.

"Òkè ò ṣídìí o," ó ní.

Bàbá ò dáhùn. Àrìnọlá wo ilẹ̀. Ó rò pé òun ti ṣe ohun tí kò yẹ, pé òun ti fi ọwọ́ pa idà ilé onílé lójú. Ó ń múra àtidìde nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá náà, ohùn kékeré, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ẹní rẹ̀.

"Àwa náà ń bẹ níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ o, ọmọ mi."

Ẹ̀rọ ọkàn náà rọra ń falẹ̀. Ó yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ẹsẹ̀ ṣe, ó ń rìn.

"Ẹnu jẹ́," ni Alágbàsọ wí. "Ọkàn balẹ̀. Ẹbí ti dé. Alágbàsọ ń kúrò. Ẹbí, kí ni ẹ wí?"

Dókítà ń wo Àrìnọlá. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, òfin sì ti fi fún un. Ó kàn gbọ́dọ̀ sọ pé kí wọ́n gé e ni. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ọwọ́ òsì bàbá náà mú.

"Kí ni kí n wí, bàbá?"

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n gé e. Kí wọ́n fi orúnkún sílẹ̀ fún mi tó bá ṣeé ṣe. Tí Ìbíyẹmí bá pè, sọ fún un pé òun ló jàre lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn, àmọ́ kò jàre lórí bó ṣe sọ ọ́."

"Wọ́n ní kí ẹ gé e," ni Àrìnọlá wí fún Dókítà àti fún ògiri. "Wọ́n ní kí ẹ fi orúnkún sílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí Ìbíyẹmí, èmi ni màá jẹ́ ẹ."

Bẹ́ẹ̀dì náà ń yí lọ kí Àrìnọlá tó dìde tán, ó sì gbé àwo òwú dání ní ọwọ́ kejì. Bàbá ò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Níbẹ̀ ni báàjì àyà Àrìnọlá ti kú, iná rẹ̀ pa bí ẹni pé kò tàn rí, ilẹ̀kùn sì kọ̀ láti ṣí fún un. Dókítà Ṣówándé yíjú padà lẹ́ẹ̀kan. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹbí aláìsàn, ó sì wọlé.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ gba àwo òwú lọ́wọ́ Àrìnọlá láìbéèrè nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ wá ṣófo. Kò sí yàrá tó lè wọ mọ́ nínú ilé tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé páálí ìbọ̀wọ́ kúrò lórí bẹ́ǹṣì ẹbí, mẹ́fà ni wọ́n, ó tò wọ́n síbi ògiri. Ó fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ gbọn eruku. Ó jókòó. Láti òwúrọ̀ títí di àsìkò yìí, kò tíì jókòó fún ara rẹ̀.

Bẹ́ǹṣì náà le, ó sì ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó ṣe é kò rò pé èèyàn máa pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń ti fèrèsé wọlé, ó ń rìn lórí orúnkún rẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ aṣọ. Ó rò ó pé òun máa ra ẹní. Ó rò ó pé bàbá máa fẹ́ jẹ iṣu, òun kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gún un fún àgbà tí kò léyín púpọ̀. Ó ro ẹjọ́ tó máa rò níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ ò sì wá sí i lọ́kàn. Ó sunkún díẹ̀ nítorí Àǹtí rẹ̀, kì í ṣe ẹkún ńlá. Lẹ́yìn náà ó gbé orí ti ògiri, oorun sì gbé e lọ.

"Ẹbí Arówólò," ni ògiri wí. "Aláìsàn ti jí. Ó ń bèèrè ẹni tó wà níta."

Àrìnọlá lajú. Láti inú oorun, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wò bóyá ẹbí kan wà nítòsí tó máa dáhùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo.

"Èmi nìyí," ó ní, ó sì ti dìde kí ògiri tó pè lẹ́ẹ̀kejì.